Bí ẹ bá ń lọ sí àpérò kọ̀ǹpútà ní Parakou

Kì í ṣe Kútọnu nìkan ni àwọn tó ń kọ kóòdù ní Benin ti ń pàdé. Parakou, olú ìlú ẹkùn Borgou, ní ẹgbẹ́ Google Developer Group tirẹ̀, ó sì ti di ìlú yunifásítì láti 2001. Àpérò kékeré, níbi tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti lè jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, tẹ́ mi lọ́rùn ju ti gbọ̀ngàn ńlá lọ.

Láti Èkó, ẹ gba Sèmè wọ Kútọnu, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì ìdájí. Ọ̀nà náà lé ní 400 kìlómítà, ó gba Bohicon, Ìdáìsà, Sábẹ àti Tchaourou kọjá. Ẹ máa rí ojú irin, àmọ́ ẹ má retí ọkọ̀ rẹ̀: ó ti pẹ́ tí kò kó èrò mọ́. Ọ̀nà Chikandou láti ìhà Kwara dà bí àbùjá, ṣùgbọ́n nítorí ètò ààbò, n kò ní ní kí ẹ gbà á. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà. Ẹ ṣáà mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Iná ló máa ń bá àwọn ará wa lójijì. Ihò róbótó méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì Benin ní, ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ra adápítà nílé kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá yá kọ̀ǹpútà lò, bọ́tìnnì onífaransé ni: ibi tí ẹ mọ Q sí ni A wà. Ẹ ra síìmù MTN, Moov tàbí Celtiis. Láti oṣù kọkànlá 2024 ni gbogbo nọ́mbà wọn ti ń fi 01 bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ìpolówó bá gbé nọ́mbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ, ẹ fi 01 sí iwájú rẹ̀. Bí àpérò bá bọ́ sígbà ọyẹ́, ẹ wá nǹkan bo kọ̀ǹpútà yín, eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Faransé ni wọ́n fi ń ṣàlàyé lórí pèpéle. Lọ́jà Arzèkè, láàárín èdè Bàrìbá àti Dendi, ẹ ó gbọ́ Yorùbá. Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zém, kí ẹ tó gùn ún. Sẹfà ló ń gbà.

Nígbà tí àpérò bá tú ká, ẹ má sáré lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ tẹ̀ lé àwọn tó wá sí àpérò lọ jẹ iyán, tí Bàrìbá ń pè ní sokuru, pẹ̀lú wàrà Fúlàní díndín. Ìdí abọ́ iyán ni ẹni tí kò lè béèrè ìbéèrè lójú èrò ti ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà yín ṣáájú, nítorí àárọ̀ kùtù ni bọ́ọ̀sì Kútọnu ń gbéra.