Ìpìlẹ̀ Ni Kí Ẹ Tún Ṣe Kí Ẹ Tó Tún Ilẹ̀kùn Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sọ Volkswagen ìjàpá àtijọ́ di tuntun, ẹ fetí sílẹ̀. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Èkó. Púpọ̀ nínú èyí tó kù ló ti jẹra lábẹ́.

Bí ilẹ̀kùn bá ń há, ẹ má sáré gbé òòlù. Ẹ wo irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn, tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà kọjá. Bó bá ti dógùn-ún, bọ́dì á tẹ̀ láàárín, òkè ojú ilẹ̀kùn á sì fún. Kí ẹ tó gé irin tó dógùn-ún náà kúrò, ẹ jó irin ìdábùú sí ojú ilẹ̀kùn, kí bọ́dì má baà yẹ̀.

Bí ẹ bá ti tún abẹ́ ṣe tán, ó kan títo ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn kò ṣeé sún, nítorí náà òun ni kí ẹ fi híńjì gbé ilẹ̀kùn bá. Fẹ́ńdà iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ẹ fi rọ́bà tuntun dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó kùn ún.

Ẹ má fi pọ́tì dí àṣìṣe. Bó bá nípọn jù, yóò sán. Sùúrù ni baba ìwà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ baba iṣẹ́ yín náà.