Àìsàn Tí Ojú Ń Tì Wá Láti Dárúkọ



Nínú Ìhìn Rere ti Máàkù Mímọ́, orí karùn-ún, a kà nípa obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún ọdún méjìlá gbáko. Ó ti ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, kàkà kí ara rẹ̀ sì yá, ńṣe ni àìsàn náà ń le sí i. Àwa tí a ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré a máa yára lọ sí ibi tí a ti wò ó sàn, a kì í sì í dúró bi ara wa léèrè pé, kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó gbà wá? Jáírù, olórí sínágọ́gù, iwájú ni ó gbà ní ọjọ́ náà gan-an. Ó wólẹ̀ níṣojú gbogbo èrò, ó sì sọ ohun tí ń dùn ún. Kò sí ẹni tí yóò fi àìsàn ọmọ Jáírù ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n àìsàn ti obìnrin yìí jẹ́ ohun tí òfin àwọn Júù kà sí àìmọ́, tí ojú yóò tì í láti là ẹnu sọ. Nítorí náà ni ó ṣe yọ́ gba ẹ̀yìn wá láàárín èrò, tí ó sì fi ọwọ́ kan aṣọ Olúwa.

Ọ̀rọ̀ irú àwọn tí ń gba ẹ̀yìn wá bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Bóyá ẹ ti ṣàkíyèsí ẹnìkan nínú ìjọ tí kì í jókòó sí ibòmíràn bí kò ṣe orí àga ẹ̀yìn tí ó sún mọ́ ìlẹ̀kùn. Kí Fádà tó parí ìwàásù, yóò ti jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan a máa wí pé kò fẹ́ràn Mísà, pé ọ̀rọ̀ ayé ni ó ń lọ sọ lóde. Èmi tí mo ń kọ èyí ti ní irú èrò bẹ́ẹ̀ nípa ẹnìkan rí, títí di ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí kì í sì í jẹ ohunkóhun láti alẹ́ Sátidé kí ó lè jókòó ní Mísà ọjọ́ Àìkú. Ojú tì mí púpọ̀.

Àìsàn tí a ń wí yìí ni àwọn dókítà ń pè ní inflammatory bowel disease, tí wọ́n ń gé kúrú sí IBD. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkíní ni ulcerative colitis, tí ó máa ń dá ọgbẹ́ sí ara ìfun ńlá, tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun yóò sì máa bá ìgbẹ́ jáde. Dókítà Samuel Wilks ní London ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1859. Èkejì ni Crohn's disease, tí a fi orúkọ dókítà Burrill Crohn pè, ẹni tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York ní ọdún 1932. Èyí lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ṣùgbọ́n òpin ìfun kékeré ni ó sábà máa ń mú. Àwọn ọmọ-ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara wa láti bá kòkòrò àrùn jà ni wọ́n ṣìwà hù, tí wọ́n kọjú ìjà sí ìfun ẹni tí ó ni wọ́n. Ti ìran wà nínú rẹ̀, ti oúnjẹ àti ibi tí a ń gbé sì wà nínú rẹ̀. Kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. A lè bá aláìsàn náà jẹ nínú àwo kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra nílẹ̀ ni ó sì máa ń kọlù jù, ní àkókò tí wọ́n ń ka ìwé, tí wọ́n ń wá iṣẹ́, tàbí tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó.

Fún ìgbà pípẹ́ ni a fi ń kọ́ àwọn dókítà pé àìsàn òyìnbó ni, pé kò sí láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá wá, báwo ni a ó ṣe rí i? Ní ọdún 2012, àwọn dókítà láti ilé-ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà kọ ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n rí i lára wọn. Àìsàn náà ń bẹ láàárín wa. Orúkọ mìíràn ni a ń pè é.

Orúkọ wo? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ọmọ Yorùbá bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu nìyẹn. Wọn yóò ní ṣúgà àti ohun dídùn ni ó jẹ jù. Wọn yóò ní kí ó lọ ra àgbo jẹ̀dí lọ́wọ́ ìyá alágbo nínú ọjà. A kò bú alágbo o. Ìyá wọ̀nyí ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irú àgbo bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ènìyàn ya ìgbẹ́ sí i, ìfun tí ó ti dọgbẹ́ kò sì lè fara da ìyẹn. Láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì, tí yóò fún un ní oògùn ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ara yóò tù ú fún ọjọ́ mélòó kan, àìsàn yóò sì padà dé. Bí inú bá ń rún un, yóò gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì, bẹ́ẹ̀ ni oògùn wọ̀nyí lè ru àìsàn náà sókè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò wá kan wòlíì kan, tí yóò wí fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń jẹ ìfun rẹ̀ lóru. Báyìí ni àìsàn ara yóò ṣe di ìjà ẹbí. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá, ẹ̀tẹ̀ gan-an sì ni a ń fi sílẹ̀ yìí.

Àwa tí ń gbé Bódìjà kò ní àwáwí, nítorí UCH tí a ṣí ní ọdún 1957 kò jìnnà sí wa rárá. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà inú wà, tí wọ́n ní ọ̀pá rírọ̀ gígùn tí iná àti kámẹ́rà wà ní orí rẹ̀, tí wọ́n ń gbà láti ìdí wo inú ìfun. Wọn yóò mú ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí tí wọ́n fi ń fara balẹ̀ ni pé ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, lè mú ìfun pẹ̀lú, kí ó sì jọ Crohn's disease bí ìbejì. Oògùn tí ó ń tu èyí lára sì lè mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbilẹ̀. Bákan náà, púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin Yorùbá ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí a ń pè ní G6PD tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kí ó tó lo sulfasalazine, oògùn àtijọ́ tí dókítà obìnrin ará Sweden, Nanna Svartz, ṣe. Ẹni tí a bá fún ní prednisolone kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá. Àìsàn náà a máa sùn, a sì máa jí. Oògùn ni ó ń mú kí oorun rẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tí inú wú tí ó sì le, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́pọ̀lọpọ̀, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ kejì.

Wàyí o, kí ni ti àwa tí ara wa le? Ẹ ṣí Ìhìn Rere kan náà sí orí kejì. Ọkùnrin arọ kan wà tí kò lè dá rìn. Àwọn mẹ́rin gbé e, nígbà tí èrò sì dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n dá òrùlé lu. Kò sí ibi tí a ti kà pé arọ náà sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn náà ni agbẹnusọ rẹ̀, Olúwa sì wo ìgbàgbọ́ tiwọn. Ní ilé-ìwòsàn, aláìsàn tí ojú ń tì yóò wí fún dókítà pé inú ń dun òun díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀lé e, ẹ bá a kọ iye ìgbà tí ó yàgbẹ́ lóòjọ́ sínú ìwé, àti bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò pọ̀ sínú àpò kan. Ẹ bá a béèrè iye owó oògùn àti èyí tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Òfin ìbánigbófò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún olúkúlùkù ọmọ Nàìjíríà láti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bá a wádìí ohun tí tirẹ̀ san fún àti ohun tí kò san fún, nítorí oògùn ọdọọdún ni èyí, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Illinois ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin kan, Ally Bain, tí ó ní Crohn's disease, wọ ilé ìtajà ńlá kan ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Inú rún un lójijì, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó wọ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Òun àti ìyá rẹ̀ kò lọ sunkún sílé kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Wọ́n tọ aṣòfin lọ, ní ọdún 2005 sì ni ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí àwọn ilé ìtajà ṣílẹ̀kùn fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní Britain, láti ọdún 1979 ni àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ti ní ẹgbẹ́ tiwọn; láti ọdún 2010 sì ni a ti ń fi ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún rántí wọn káàkiri ayé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ti òyìnbó nìyẹn. Ẹ rántí bí a ti ń fi fòníkú-fọ̀ladìde pamọ́ láyé àtijọ́, tí a ń fi àpá sí ara òkú ọmọ nítorí àbíkú. Nígbà tí àwọn òbí là ẹnu, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí yóò wá fi orúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a kò ní bi ní jẹ́nótáìpù.

Ó ku ti òfin Ìjọ Mímọ́, nítorí àwọn kan ń fi ẹ̀rí-ọkàn jẹ ara wọn níyà lásán. Ààwẹ̀ wákàtí kan ṣáájú Kòmúníọ̀n kò de aláìsàn, kò sì de ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí oògùn bá béèrè oúnjẹ, kí ó jẹun kí ó sì wá gba Olúwa. Ààwẹ̀ Ọjọ́rú Eléérú àti ti Ọjọ́ Ẹtì Rere kò de ẹni tí yóò pa lára. Ìfòróróyàn àwọn aláìsàn kì í sì í ṣe ti ẹni tí ó ń kú lọ nìkan. Àpérò Vatikani Kejì ti là á yé wa ní ọdún 1963. Ẹni tí àìsàn yìí bá le sí lára, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, lè béèrè fún un, ó sì tún lè gbà á bí àìsàn náà bá tún le sí i.

Níbi àsè pẹ̀lú, bí ẹnìkan bá wí pé òun kò jẹ ẹ̀wà tàbí ata, ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ ohun tí ó ń bá ìfun rẹ̀ jà.

Ohun kan tí ó kù kéré, ṣùgbọ́n òun ni ó wuwo jù lọ́kàn mi. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń ti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ pa nígbà Mísà kí àwọn ọmọdé má bàa bà á jẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a sì wà nínú àpò ẹnìkan tí ó ń kọrin lókè níbi ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí ó nílò rẹ̀ kò ní ìṣẹ́jú méjì tí yóò fi wá a. Ẹ̀yin olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, a bẹ̀ yín, láti ọjọ́ Àìkú yìí lọ, ẹ fi ìlẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí omi àti ọṣẹ sì wà níbẹ̀.