Ètò Iṣẹ́ ní Ilé Iṣẹ́ Títo Rédíò

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín ṣe kì í yá ju ọwọ́ ẹni tí ó lọ́ra jù nínú wọn lọ. Àwọn tí ń ṣe gàrí ní agbègbè Òdèdá mọ òtítọ́ yìí. Bí wọ́n bá bó ẹ̀gẹ́ tán, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a rin ín, wọn a tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè gbẹ, wọn a kù ú nínú asẹ́, kí wọ́n tó yan án. Bí ogún ènìyàn bá ń bó ẹ̀gẹ́, tí agbada ìyangàrí sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀gẹ́ ni yóò bàjẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n a kọ́kọ́ wo agbada kí ó tó fa ẹ̀gẹ́ tu. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bákan náà ni ó rí ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń to rédíò. Kí a gbà pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin jókòó tẹ̀lé ara wọn. Ẹni kìíní ń to ègé kéékèèké sórí pátákó fún ìṣẹ́jú 2; ẹni kejì ń fi òjé yíyọ́ lẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú 4; ẹni kẹta ń kó o sínú àpótí fún ìṣẹ́jú 2; ẹni kẹrin ń dán an wò fún ìṣẹ́jú 3. Láàárín wákàtí kan, rédíò tí yóò jáde kò lè ju 15 lọ, nítorí ẹni kejì. Bí ọ̀gá bá ń pariwo mọ́ ẹni kìíní, òkìtì ni yóò kàn ga níwájú ẹni kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹlòmíràn kún ẹni kejì, 20 ni yóò máa jáde. Ẹni tí ń dán rédíò wò ni ó wá lọ́ra jù.

Henry Ford ti Amẹ́ríkà fi agbára ètò hàn ní 1913, nígbà tí ó mú kí ọkọ̀ máa lọ bá òṣìṣẹ́ ní ìdúró wọn. Títo férémù ọkọ̀ kan, tí ń gba nǹkan bí wákàtí 12 àbọ̀ tẹ́lẹ̀, kò gbà ju nǹkan bí wákàtí kan àti àbọ̀ lọ ní 1914.

Ó ku ohun kan. Bí rédíò bá ní ègé 50, tí 49 sì wà nílẹ̀, kò tíì sí rédíò. Ègé tí yóò ti òkè òkun wá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè fún, kí a sì ka ọjọ́ tí yóò lò lójú omi àti ní èbúté mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀lẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe ètò ni kò ro iṣẹ́ náà já.