Ẹni Tí Wọ́n Rán Lọ Ra Àkàrà

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé inú rẹ kì í dùn, ìwọ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá na owó sí ọ láàárọ̀ pé kí o sáré lọ ra àkàrà wá. O ti kàwé, o ti ṣe agunbánirọ̀, wọ́n wá ní kí o lọ dúró nídìí agbada epo. Broad Street l'Ékòó ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ tí kò lè ra oúnjẹ èèyàn márùn-ún kó má dìjà. Iṣẹ́ tó ní ọ̀nà ni. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ fún ọ.

Kọ́kọ́ ro ibi tí àwọn tó ń rán ọ ti ń bọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Ayọ̀bọ̀, tó fẹ́ wà ní Marina kí aago mẹ́jọ tó lù, òru ló ti jí. Bọ́ọ̀sì BRT tó dé ní 2008 dín ìyà náà kù, kò mú un kúrò. Ta ló fẹ́ dáná ní irú wákàtí yẹn? Omi ló dà sára, aṣọ ló wọ̀, ó di ojú ọ̀nà. Oúnjẹ tí o bá gbé wọlé ni yóò kọ́kọ́ kan ẹnu rẹ̀ láti alẹ́ àná. Bó bá pẹ́, bó bá tutù, bí ata rẹ̀ bá ju bó ṣe fẹ́ lọ, o ti ba ìdajì ọjọ́ rẹ̀ jẹ́, àwọn aráàlú tó wá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá lójoojúmọ́ ti mọ ẹnu wọn, ó sì ti mọ àpò wọn. Ohun méjèèjì yìí gba ìṣọ́ra ju kí àkàrà gbóná lọ. N óò padà síbẹ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ọjà òní ti ń bẹ̀rẹ̀. Wá ṣénjì sílẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbada kaná ò ní ṣénjì, tí o bá na ẹgbẹ̀rún náírà sí i nígbà tí kò tíì tà fún ẹnikẹ́ni, wàhálà lo gbé wá bá a. Gba ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún àti igba igba náírà lọ́wọ́ kọ̀ndọ́ tí o bá ń lọ sílé, kí o tọ́jú wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní fóònù lẹ máa fi san án. Ó dáa, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ti fi àléètì irọ́ gbà lọ́jà rí ò ní jẹ́ kí o gbé abọ́ kúrò níwájú òun títí fóònù tirẹ̀ á fi dún, kò sì jẹ̀bi. Àkàrà á máa tutù, ẹ̀yin méjèèjì á máa tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mú owó lọ́wọ́, kí fóònù jẹ́ àtìlẹ́yìn.

Kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, ohun tó fẹ́, iye tó fún ọ. Má gbójú lé orí. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún ọ pé “ohun tó bá ti wà,” dúró síwájú rẹ̀ kó dárúkọ nǹkan, torí ẹni tó ń jẹ ohun tó bá ti wà gan-an ni yóò fajú ro tí o bá gbé e dé. Ẹni tó bá ní òun máa san owó tí o bá padà, fi ọgbọ́n sọ fún un pé oní-ẹ̀wà ò mọ̀ ọ́n. Fún ọ̀gá tó jù ọ́ lọ, o lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ọwọ́ mi ò ní ká a.” Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.

Wàyí o, bí a ṣe ń tò ó. Ohun tó lè dúró la kọ́kọ́ ń rà, ohun tí kò lè dúró la fi ń kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọdé á sáré lọ sídìí àkàrà torí pé òun ló wù wọ́n, wọ́n á wá gbé e káàkiri nígbà tí wọ́n ń wá ẹlẹ́kọ.

Búrẹ́dì ló ń ṣáájú. Búrẹ́dì Agége ni mò ń wí, odindi tí kò sí gígé wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bó bá wú padà, òwúrọ̀ yìí ló jáde, bó bá dúró síbi tí o tẹ̀ ẹ́ sí, ti àná ni. (Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ojoojúmọ́ l'Ékòó. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá ní 1913, nígbà tó di 1921 ó ti ń ṣe búrẹ́dì tà ní Èbúté Mẹ́tta. Àwọn tó ń sọ pé búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ tiwa, ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn.) Búrẹ́dì ló máa wà lókè nínú apẹ̀rẹ̀. Má gbé ohun gbígbóná lé e, má sì fi í sábẹ́ ohunkóhun.

Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tútù tẹ̀ lé e. Tí o bá rí èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n, má ra ti inú ọ̀rá. Ewé ń mú un gbóná pẹ́, ó ń fún un lóòórùn, ẹni tó sì fẹ́ jẹ ẹ́ lórí tábìlì ò nílò abọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó kéde pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, àwọn kan pariwo pé báwo ni àwọn ṣe máa tajà. Onímọ́ínmọ́ín eléwé ò pariwo. Bí wọ́n bá ní ẹlẹ́mìí méje ni tàwọn, béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí o tó san owó ẹ̀mí méje. Mo ti rí ẹlẹ́mìí méjì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹ̀wà àgànyìn gba kí o mú abọ́ onídèérí tìrẹ lọ. Àwọn obìnrin tó wá láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ló gbé e dé Èkó, ọwọ́ wọn ni ata rẹ̀ sì ti dára jù títí dòní, bí inú àwọn ìyàwó wa bá fẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ̀wà náà á rọ̀ débi pé ṣíbí nìkan tó láti tẹ̀ ẹ́. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń dín nínú epo pupa títí àwọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Dúdú yẹn ò túmọ̀ sí pé ó jóná. Tọ́ ọ wò: bó bá korò ló jóná. Jẹ́ kí wọ́n bu ata sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kí wọ́n so ó dáadáa, torí kò sí ọ́fíìsì tí kò ní ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ ata á bù ú fúnra rẹ̀.

Ògì gbígbóná, inú kúlà ni. Béèrè bóyá líìfù ń ṣiṣẹ́ kí o tó kúrò nílé iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo wa la wà nínú ilé NECOM alájà 32 ní Marina, àmọ́ àjà mẹ́fà tí o fi ẹsẹ̀ gùn tó láti mú kí ògì inú ike dì. Má jẹ́ kí wọ́n bu ṣúgà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á fi sí i. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà kò ní lè yọ ọ́ kúrò.

Ó wá kan àkàrà. Bí o bá dé ìdí agbada, má fi iye ṣáájú. Kí obìnrin náà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá, ajé á wọgbá.” Lẹ́yìn náà dúró kí o máa wò. Wo apá rẹ̀. Alákàrà tó mọṣẹ́ kì í fi ẹ̀wà lílọ̀ náà sílẹ̀ lásán; bó ṣe ń fi ọmọ orógùn pò ó tó ń lù ú nínú ọpọ́n ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, tó ń wú, tó ń funfun sí i. Èyí tí wọ́n lù dáadáa, bó bá ti kan epo ló ti léfòó, ṣíbí kàn máa ta á díẹ̀ ni, á yí padà. Èyí tí wọn ò lù á rì, á wúwo lọ́wọ́, epo á sì máa kán lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e sókè. Wo epo náà pẹ̀lú. Òróró tó ti dúdú, tó ń yọ ìfófòó bí wọ́n bá da nǹkan sí i, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń dín nǹkan nínú rẹ̀. Bí ó bá sì ti ń lọ sí aago mẹ́wàá tí oòrùn ti mú, súnmọ́ ọpọ́n kí o gbóòórùn. Ẹ̀wà lílọ̀ kì í pẹ́ kan.

Tí ohun tí o fẹ́ rà bá pọ̀, yóò fẹ́ kó èyí tó ti wà nínú ajọ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn fún ọ kó lè dá ọ lóhùn kíákíá. Rọra wí pé, “Ìyá, mo lè dúró.” Á wojú rẹ, á rẹ́rìn-ín, á mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n rà. Má jẹ́ kó dì í pa sínú ọ̀rá. Ooru rẹ̀ á di omi, èèpo tí ì bá dún lẹ́nu á rọ̀ pọ̀jọ̀. Tẹ́ ìwé funfun sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ, kí o tò ó sí i, kí o fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó. Ìwé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ ni ọ̀pọ̀ alákàrà fi ń wé e. Epo ń wọ yíǹkì, yíǹkì ń wọ àkàrà.

Nígbà tó bá kà á tán, á ju méjì mẹ́ta sí i. Ti ta ni èènì yẹn? Àwọn kan ní ti ẹni tó rìn ni. Èmi ò gbà. Owó gbogbo yín ló fà á. Mú ọ̀kan jẹ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá bínú sí ìyẹn ahun ni. Ìyókù, kó o fún gétímaànù àti obìnrin tó ń nu ilẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn kì í sí nínú ìwé. Má sì ná ọjà bí ìwọ lo bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí o má tọrọ àwìn. Ó gbà pé bí ọwọ́ àkọ́kọ́ bá ṣe rí ni ọjọ́ òun ṣe máa rí. Bóyá o gbà bẹ́ẹ̀ o, bóyá o ò gbà, òun lo máa padà lọ bá lọ́la.

Yan alákàrà méjì, má ṣe yan ẹyọ kan, torí ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìkómọ wà. Kí o tó yàn wọ́n, wo ibi tí wọ́n ti ń fa omi àti bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì jà l'Ékòó, ojú ẹni tó ń ra oúnjẹ fún ẹlòmíì ló yẹ kó kọ́kọ́ là. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ tó fi gba owó bu oúnjẹ, bó ti wù kí ata rẹ̀ dùn tó, fi í sílẹ̀.

Mo ní n óò padà sórí ẹnu àti àpò. Tó o bá ń ra oúnjẹ fún àwọn èèyàn fún ìgbà díẹ̀, wàá mọ ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù. Á ní òun ń gbààwẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́ òótọ́. Má ṣe béèrè irú ààwẹ̀ tó jẹ́. Wàá mọ ẹni tó ń jẹ àkàrà méjì tẹ́lẹ̀ tó wá di ẹyọ kan. Wàá mọ ẹni tí dókítà ti ka iyọ̀ léèwọ̀ fún, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Bí o bá fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣe àwàdà lọ́sàn-án, àkàrà ti tú sépo nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tún máa fi owó lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bí o bá fẹ́ ran ẹnìkan lọ́wọ́, gbé ẹ̀kọ kan sórí tábìlì rẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé, kí o sì bá ọ̀nà tìrẹ lọ. Lóṣù Ràmàdáánì, má gbé apẹ̀rẹ̀ gba iwájú àwọn Mùsùlùmí. Yàrá kan á wà tí ẹ lè jẹun sí.

Bí o bá ti wọlé, ẹni tó ní oògùn láti lò lẹ́yìn oúnjẹ ni kí o kọ́kọ́ dá lóhùn, àgbà tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó bá bínú nítorí ìyẹn, ṣàlàyé fún un lẹ́yìn tó bá jẹun tán, ṣáájú oúnjẹ kọ́. Ka ṣénjì oníkálukú sí i lọ́wọ́ níṣojú rẹ̀, títí dé náírà mẹ́wàá, kí o sì fàlà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tó ti sanwó tí kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pè é kí o bi í bóyá kí o fún ẹlòmíì tàbí kí o tọ́jú ẹ̀kọ rẹ̀ sínú fíríìjì. Má dá a rò fún un. Nígbà tí orúkọ bá ti tán nínú ìwé, fọwọ́, kí o jókòó jẹ tìrẹ. Fi ọṣẹ fọ kúlà kó tó di ọ̀sán, torí ògì tó bá gbẹ sínú rẹ̀ kì í yọ bọ̀rọ̀.