Orúkọ Ọlọ́run Lára Owó Késárì



Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn Farisí tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó-orí mú Olúwa wa. Ó ní kí wọ́n fi owó náà han òun, ó sì bi wọ́n léèrè pé àwòrán ta ni ó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ti Késárì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a kọ yí àwòrán náà ká. Lára owó fàdákà tí a ń ná nígbà Késárì Tìbéríù, a kọ ọ́ pé ọmọ Ọ̀gọ́sítù tí a sọ di ọlọ́run ni. Owó ìlú ń pe ọba ní ọmọ ọlọ́run. Ọmọ Ọlọ́run tòótọ́ ni wọ́n sì gbé e wá bá.

Ẹ jẹ́ kí á wo owó mìíràn. Láti ọdún 1864 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sára owó wọn pé Ọlọ́run ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1954, wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run kún ẹ̀jẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jẹ́ níwájú àsíá. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Kátólíìkì tí a ń pè ní Knights of Columbus wà lára àwọn tí wọ́n jà fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Síbẹ̀ òfin ilẹ̀ náà kọ̀ pé kí ìjọba gbé ìjọ kankan kalẹ̀. Ìjọ wo wá ni Ọlọ́run tí ó wà lára owó náà wà?

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe irú èyí ni ẹ̀sìn ìlú. Ìlú so ara rẹ̀ mọ́ Ọlọ́run, ó ní ọjọ́ mímọ́ tirẹ̀, ibojì akọni tirẹ̀, ìbúra àti orin tirẹ̀, kò sì jẹ́ ti ìjọ kankan. Jean-Jacques Rousseau ni ó sọ ọ́ ní orúkọ náà nínú ìwé kan ní 1762. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú gbà pé Ọlọ́run wà, pé ayé mìíràn ń bọ̀, pé olódodo yóò gba èrè, àti pé òfin ìlú jẹ́ ohun mímọ́. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn yẹn. Ẹni tí kò bá gbà wọ́n gbọ́, Rousseau ní kí a lé e kúrò ní ìlú.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, John Kennedy, Kátólíìkì àkọ́kọ́ tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà, búra pẹ̀lú Bíbélì ìdílé ìyá rẹ̀, Bíbélì àwa Kátólíìkì. Kádínàlì Cushing ni ó gba àdúrà. Èéfín tilẹ̀ ń yọ lára tábìlì tí ó dúró tì nítorí wáyà iná tí ó gbóná, Kádínàlì kò sì dákẹ́. Inú ọ̀pọ̀ Kátólíìkì dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé Robert Bellah, tí ó kọ̀wé lórí ẹ̀sìn ìlú ní 1967, ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kennedy dárúkọ Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kò sì dárúkọ Jésù Kristi tàbí Ìjọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi kò dá a lẹ́bi, nítorí ààrẹ gbogbo ènìyàn ni. Àmọ́ nígbà tí a bá ti yọ Kristi kúrò, Ọlọ́run tí kò ní àgbélébùú ni ó ṣẹ́ kù. Ó rọrùn láti ní kí irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ súre fún àsíá àti fún ọmọ ogun. Ta ni yóò gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ pé kí ìlú ronú pìwà dà?

Ẹnì kan gbọ́. Abraham Lincoln kò forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ìjọ kankan. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1865, ogun abẹ́lé tí ó pa ọmọ ogun tí ó lé ní 600,000 fẹ́ parí, apá tirẹ̀ sì ni ó ń borí. Dípò kí ó yọ̀, ó sọ pé ìhà méjèèjì ń ka Bíbélì kan náà, wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́run kan náà lòdì sí ara wọn. Ó ní bóyá ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìkónilẹ́rú ni ogun náà, tí Ọlọ́run fi jẹ Àríwá àti Gúúsù pa pọ̀. Àwa tí a kó àwọn ará ilé wa rékọjá òkun kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn Kristẹni ìgbàanì ti rí ibi tí ààlà wà. Ohun tí àwọn adájọ́ Róòmù sábà ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ni tùràrí díẹ̀ níwájú ère Késárì, láti fi hàn pé ọmọ ìlú rere ni wọ́n. Tertullian, ará Kátéjì ní Áfíríkà, dáhùn ní nǹkan bí ọdún 197 pé àwọn Kristẹni ń gbàdúrà fún Késárì, fún ẹ̀mí gígùn rẹ̀ àti fún àlàáfíà ìjọba rẹ̀. Wọn kì í gbàdúrà sí i. Láàrin "fún" àti "sí", ìyàtọ̀ náà kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ajẹ́rìíkú ni a fi pa á mọ́. Àwọn baba wa pàápàá mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì òrìṣà ni wọ́n ń pe ọba, wọn kò pè é ní èkíní; Aláàfin tí ó bá sì ti tàpá sí ìlú, nígbà tí a bá gbé igbá òfìfo wá fún un, ó mọ ohun tí ó kàn.

Ní Nàìjíríà tiwa, abala kẹwàá ìwé òfin ọdún 1999 kọ̀ fún ìjọba láti sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Ìwé kan náà ni ó sì ní kí ààrẹ, gómìnà àti mínísítà fi ẹ̀bẹ̀ ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run parí ìbúra wọn. Àwọn ọmọ wa ń sọ bákan náà nínú ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè láti 1976. Orin orílẹ̀-èdè ti 1978 ní àdúrà nínú. Ti 1960 tí a padà sí ní 2024 náà ní. Bí ìdìbò bá sì ti súnmọ́, àwọn olóṣèlú a kún ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, àwọn kan náà a sì wà ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Ẹtì.

Kò sí ibi nínú kí ìlú pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Òfin Kejì wà nínú Katikísímù wa: ẹni tí ó pe Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, tí kò sì ní in lọ́kàn láti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ó dá. Ẹni tí ó kó owó oògùn àwọn aláìsàn jẹ ti kọ́kọ́ fi orúkọ náà búra.

Ẹ fi èyí wé àdúrà fún Nàìjíríà nínú ìpọ́njú, èyí tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa fún wa. Kí ó tó bèèrè ohunkóhun, ó ti ní kí á kẹ́dùn fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá àti fún ìṣe rere tí a kò ṣe, ó sì jẹ́wọ́ pé ìyà tọ́ sí wa. Mo ti ṣàkíyèsí pé a máa ń sáré kọjá gbólóhùn náà, pàápàá bí oòrùn bá ti mú, tí àwọn ọmọ sì ti ń wá bàtà wọn.