Láti Ìtọ́jú Ológun sí Gbígba Ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Ṣé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ológun ojú omi ní Àpápá lè máa gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn aráàlú?

Ìdáhùn: Ní Nàìjíríà, gbígba ẹ̀jẹ̀ kì í sábà dá dúró bí iṣẹ́, ara iṣẹ́ láàbù, nọ́ọ̀sì àti dókítà ni. Ìwé ẹ̀rí láàbù ni ọ̀nà tó tọ́ jù. Medical Laboratory Science Council of Nigeria, tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láàbù sílẹ̀.

Ọwọ́ tó ti mọ abẹ́rẹ́ ní bárékè kò ṣòfò o. Àmọ́ ọ̀dọ́ alágbára ló pọ̀ ní bárékè, iṣan wọn kì í sá pamọ́. Ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ajérọ̀mí, l'Ájégúnlẹ̀, ìkókó, aláboyún àti arúgbó ló ń nawọ́ síni. Okùn ìdè apá kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Tí a bá ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, olómorí pupa ló ń ṣáájú olómorí àlùkò: bí oògùn inú olómorí àlùkò bá kán sínú olómorí pupa, pòtásíọ́ọ̀mù yóò ga lórí ìwé lásán, kálísíọ́ọ̀mù yóò sì lọ sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn gan-an ni a ti ń kọ orúkọ sára ìgò.