Kí Ló Dé Tí Irú Gidi Fi Wọ́n?

Ìbéèrè: Irú ẹ̀wà sóyà ló kún ọjà Ìkòtún, ti igi irúgbá ti wọ́n jù. Ṣé ojú ọjọ́ ló fà á?
– Ìyá olóúnjẹ, Ìkòtún

Ìdáhùn: Ojú ọjọ́ nìkan kọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni irúgbá máa ń yọ òdòdó ní Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá pẹ́, igi kéékèèké tí gbòǹgbò wọn kò tíì jinlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú. Ní Senegal, láàárín 1945 sí 1993, ọ̀dá ti igbó ọ̀dàn sún sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí 30. Ní tiwa, èédú ló ń dùn mí jù: wọ́n ń gé ìyá igi láti fi sun èédú, ọ̀dá sì ń pa ọmọ rẹ̀. Ẹ ra irú yín lẹ́yìn ìkórè, ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, kí ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì sá a gbẹ.